Géèmù Gbígbá àti Ìlera: Àwọn Ìbéèrè Tó Ń Wá Lemọ́lemọ́

Àwọn òbí, àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn tó ni ṣọ́ọ̀bù géèmù ló ń béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí. Ẹni tó bá ti ní àìsàn kan lára tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ dókítà rẹ̀ ni kó tẹ̀ lé ṣáájú tiwa.

Wákàtí mélòó lójúmọ́ ló pọ̀ jù?

Kò sí iye wákàtí kan tí àwọn oníṣègùn fẹnu kò lé lórí fún àgbàlagbà. Ẹni tó gbá géèmù fún wákàtí mẹ́rin lọ́sàn-án Sátidé, tó ti fọṣọ, tó ti jẹun, tó sì sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sí nǹkan tó ṣe é. Ẹni tó gbá a fún wákàtí méjì péré, àmọ́ tó jẹ́ pé aago kan òru sí aago mẹ́ta ni, tó sì gbọ́dọ̀ wọ mọ́tò aago mẹ́fà àárọ̀, òun ni ká bá sọ̀rọ̀.

Ohun tí ẹ máa wò ni ohun tí géèmù gbà lọ́wọ́ yín: ṣé oorun ni, ṣé oúnjẹ ni, ṣé ìrìn ni, àbí iṣẹ́ àti ìwé? Ọ̀pọ̀ àìlera tí wọ́n ń dì ru géèmù, ibi tí a jókòó sí, aago tí a gbá a àti ohun tí a ń jẹ sí i ló fà á.

Ojú mi máa ń gbẹ, á máa ta mí, á tún máa ṣe bàìbàì. Ṣé géèmù ń fọ́ ojú ni?

Kì í fọ́ ojú. Tí èèyàn bá tẹjú mọ́ fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n, kì í ṣẹ́jú tó bó ṣe yẹ. Bẹ́ẹ̀ ojú ṣíṣẹ́ ló ń tan omi ká ẹyinjú. Tí kò bá sí ìyẹn, ojú á gbẹ, á sì máa ta.

Àwọn dókítà ojú ní òfin kan tí wọ́n ń pè ní 20-20-20: lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, ẹ wo ohun tó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20, ìyẹn nǹkan bíi mítà 6, fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Ní ṣọ́ọ̀bù géèmù kò le: tí bọ́ọ̀lù bá dé ààbọ̀ eré, ẹ kọjú síta kí ẹ wo títì títí wọn á fi tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí fáànù fẹ́ sí yín lójú tààrà, ẹ má sì gbá a nínú òkùnkùn biribiri.

Ti ọmọdé yàtọ̀ díẹ̀. Ọmọ tó ń wo ohun tó súnmọ́ ojú láti àárọ̀ dalẹ́, tí kì í jáde síta, lè dẹni tí kì í rí ohun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán dáadáa. Ìmọ́lẹ̀ ìta gbangba ń dáàbò bo ojú ọmọ, wákàtí méjì lójúmọ́ sì ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń dábàá. Ọmọ tó bá ń fún ojú pọ̀ kó tó lè ka ohun tí tíṣà kọ sójú pátákó, ẹ mú un lọ ṣe àyẹ̀wò.

Jígí ojú tí wọ́n ní ó ń dá iná fóònù dúró, tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì, ńkọ́?

Ẹ tọ́jú owó yín. Ní 2023, Cochrane, ẹgbẹ́ tó ń ṣàkójọ ìwádìí ìlera, kó ìwádìí 17 jọ lórí irú jígí bẹ́ẹ̀, wọn kò sì rí i pé ó dín ojú ríro kù ju jígí lásán lọ. Jígí tí dókítà fúnra rẹ̀ kọ fún yín lẹ́yìn àyẹ̀wò, ìyẹn ọ̀rọ̀ míì.

Wọ́n ní ara fóònù ni àpólò ti ń wá. Ṣé òótọ́ ni?

Kòkòrò àìfojúrí ló ń fa àpólò, kì í ṣe iná fóònù. Àmọ́ ṣọ́ọ̀bù géèmù lè bá a gbéra dé ibi tó pọ̀. Páàdì kan náà, ìyẹn ohun tí a ń dì mú fi gbá géèmù, ló ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ látàárọ̀: ẹni tí ojú rẹ̀ pọ́n á fi ọwọ́ nu ojú, á di páàdì mú, wọ́n á jẹ ẹ́ ní gólì mẹ́ta, á gbé páàdì fún ẹni tó kàn, onítọ̀hún náà á fi ọwọ́ kan náà nu òógùn lójú.

Kí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù máa fi aṣọ tí sánítáísà rin díẹ̀ nu páàdì láàárín oníbàárà kan sí èkejì, kó sì ní omi àti ọṣẹ nílẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti pọ́n, ẹ ní kó lọ sílé, ẹ má tijú.

Kí ló dé tí ọrùn àti ẹ̀yìn mi fi ń ro mí bíi ti arúgbó?

Bẹ́ǹṣì tó wà ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù géèmù kò ní ibi ìfẹ̀yìntì, tẹlifíṣọ̀n sì sábà máa ń wà lókè ògiri, torí náà ẹ̀yìn á tẹ̀, àgbọ̀n á sì na síwájú. Nílé, òdì kejì ló ń ṣẹlẹ̀: fóònù wà lórí itan, orí á dorí kodò fún wákàtí gbáko. Iṣan ọrùn ló ń ru orí yẹn ní gbogbo àsìkò náà.

Ẹ gbé ìrọ̀rí lé itan kí fóònù lè ga tó àyà. Kí ẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, kí ìdí wọ inú àga dáadáa. Lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan, ẹ dìde, ẹ na ara. Ní ti eré ìdárayá, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe é fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ márùn-ún ti kájú ẹ̀. Ẹni tí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń kú tipiri, tàbí tí kò lè mú ìtọ̀ dúró mọ́, kó má fi róòbù pa á mọ́ra, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ.

Àtàǹpàkò mi ń dùn mí títí dé ọrùn ọwọ́. Kí ni?

Iṣan méjì tó ń gbé àtàǹpàkò máa ń gba inú ihò tóóró kan kọjá ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn ọwọ́. Tí àtàǹpàkò bá ń tẹ bọ́tìnì tàbí tó ń fa ojú fóònù lemọ́lemọ́, ibẹ̀ lè wú, iṣan kò sì ní rọ́nà gbà dáadáa mọ́. De Quervain ni wọ́n ń pe àìsàn náà. Ọ̀rọ̀ àtàǹpàkò géèmù kì í ṣe tuntun, nítorí láti 1990 ni dókítà kan ti kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn New England Journal of Medicine nípa aláìsàn kan tó gbá Nintendo jù.

Ẹ lè dán an wò nílé. Ẹ ká àtàǹpàkò sínú àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi ìka mẹ́rin yòókù bò ó, kí ẹ wá rọra tẹ ọwọ́ náà sí apá ìka ọmọńdinrín. Tí ìrora bá ta yín gan-an ní apá àtàǹpàkò, ó jọ òun náà. Ẹ sinmi ọwọ́ yẹn fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ẹ fi yìnyín tí a wé sínú aṣọ lé e, kí ẹ sì má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín fà á kó dún. Róòbù lè mú un tuni lára díẹ̀, àmọ́ kò lè wo iṣan tí ẹ kò jẹ́ kó sinmi.

Tó bá jẹ́ pé àtàǹpàkò, ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín ló ń kú tipiri, pàápàá lóru, iṣan mìíràn nínú ọrùn ọwọ́ ni wọ́n ń há mọ́. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn pẹ́ kí ẹ tó rí dókítà.

Ṣé jíjókòó lójú kan lè pa èèyàn lóòótọ́?

Kì í wọ́pọ̀, àmọ́ ó ti ṣẹlẹ̀. Ní 2005, ọkùnrin ẹni ọdún 28 kan kú ní Daegu, ní Gúúsù Kòríà, lẹ́yìn tó ti gbá géèmù fún nǹkan bíi wákàtí 50 pẹ̀lú ìsinmi díẹ̀. Ní 2011, ọmọkùnrin ẹni ogún ọdún kan kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí ẹ̀jẹ̀ tó dì, tó sì lọ há sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó ti máa ń jókòó ti géèmù fún wákàtí gbọọrọ.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ni pé iṣan iwájú àti ẹ̀yìn ojúgun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè tí a bá ń rìn. Tí ẹsẹ̀ bá dúró sójú kan, ẹ̀jẹ̀ á dúró pẹ̀lú, ó sì lè dì. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú, tó gbóná, tó ń dunni lẹ́yìn ojúgun, àmì ni. Tí èémí bá ṣàdédé ń kúrú, tí àyà ń dunni tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá ikọ́ jáde, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́.

Ẹni tó bá jẹ́ SS gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ju gbogbo èèyàn lọ. Òùngbẹ nìkan tó láti gbé ìrora egungun dìde, bẹ́ẹ̀ ẹni tí géèmù wọ̀ lára kì í rántí omi. Ẹ gbé ìgò omi síwájú kí ẹ tó tan tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó bá ń mu omi, ìtọ̀ ló máa gbé e dìde, ìyẹn náà sì jẹ́ eré ìdárayá.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo ti máa ń ráyè gbá géèmù. Ṣé ó lè fa jẹ̀díjẹ̀dí?

Ó lè dá kún un. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé ṣúgà ló ń fa jẹ̀díjẹ̀dí, ìdí nìyẹn tí àgbo jẹ̀dí fi ń tà wàràwàrà ní gáréèjì. Lọ́dọ̀ oníṣègùn, ohun tí wọ́n ń kà ni ìgbẹ́ líle, ìgbẹ́ tí a ń rin, oyún àti jíjókòó pẹ́ lórí àwo ìgbọ̀nsẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 2025 láti ilé ìwòsàn kan ní Boston, tí wọ́n ṣe fún àgbàlagbà 125, rí i pé ewu jẹ̀díjẹ̀dí fi ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i lára àwọn tó ń mú fóònù wọ ibẹ̀.

Ẹ fi fóònù sílẹ̀ níta. Ẹ jẹ ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti èso. Tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, ẹ má fọwọ́ ara yín pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò.

Dátà òru nìkan ni apá mi ká. Kí ni kí n ṣe sí ọ̀rọ̀ oorun?

Lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ìbéèrè yìí ti ń wá jù. Dátà òru kò wọ́n, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì máa ń já fáfá láàárín aago méjìlá sí ìdájí, torí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ti sùn. A mọ̀. A kò ní sọ fún yín pé kí ẹ lọ ra èyí tí owó yín kò ká.

Àgbàlagbà nílò oorun wákàtí méje ó kéré tán; ọ̀dọ́ tó wà láàárín ọdún 13 sí 18 nílò wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Tí kò bá rí i, ìgbàgbé á pọ̀, inú á máa tètè bí i, ebi oúnjẹ dídùn á máa pa á. Tó bá di àṣà fún ọdún púpọ̀, ó lè bá ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà tan. Ewu tó yára jù níbẹ̀ ni ti ojú pópó: ẹni tí kò sùn kò gbọdọ̀ gun ọ̀kadà, kó má sì wa mọ́tò.

Iná fóònù máa ń dí oorun lọ́wọ́, òótọ́ ni, àmọ́ èmi rò pé gbígbóná eré náà le jù ú lọ. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá gólì wọlé fún ní ìṣẹ́jú 90, ta ló fẹ́ sùn? Àyà rẹ̀ ṣì ń lù kìkì. Ẹ fi wákàtí kan sílẹ̀ láàárín eré tó gbẹ̀yìn àti ibùsùn.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé kí ẹ fi dátà òru wa nǹkan sílẹ̀ dípò kí ẹ fi gbá eré. Géèmù àti àtúnṣe rẹ̀ ló ń jẹ gígábáìtì. Ẹ ṣètò fóònù kó máa wà á fúnra rẹ̀, ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀, ẹ sùn. Lọ́sàn-án, ẹ gbá apá tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Tó bá jẹ́ dandan pé ẹ fẹ́ bá àwọn ọ̀rẹ́ gbá a lóru, ẹ fi mọ sí alẹ́ Jímọ̀ tàbí Sátidé tí kò sí ibi tí ẹ ń sáré lọ láàárọ̀.

Ẹ́nájì inú agolo mélòó ni mo lè mu kí ojú mi fi dá?

Agolo kékeré, ti mìlílítà 250, sábà máa ń ní kaféìnì mìlígíráàmù 80. Èyí tó ga lè ní ìlọ́po méjì rẹ̀. Fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ ní Yúróòpù ní kí gbogbo kaféìnì ọjọ́ kan má kọjá mìlígíráàmù 400, kí ti ẹ̀ẹ̀kan má sì kọjá 200. Kọfí, tíì, mínírà dúdú àti obì wà nínú ìṣirò náà. Àwọn tó ń jẹ obì kí oorun má baà kùn wọ́n máa ń gbàgbé ìyẹn.

Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, ìdajì kaféìnì náà ṣì wà lára. Agolo tí ẹ mu ní aago mẹ́wàá alẹ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ ní aago mẹ́ta òru. Ṣúgà inú agolo kékeré kan sì lè tó gíráàmù 27, ìyẹn súnmọ́ ṣíbí tíì méje. Ọmọdé, aboyún àti ẹni tí àyà rẹ̀ ń já pàà, kí wọ́n fi í sílẹ̀ pátápátá. Ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ ọtí, nítorí kì í jẹ́ kí èèyàn mọ̀ pé ọtí ti ń pa òun.

Kí ni oúnjẹ tó dára tí n bá ń gbá géèmù?

Èyí tí ẹ jẹ nígbà tí ẹ kò gbá géèmù. Ẹ dá eré dúró, ẹ jẹun, ẹ fọ ọwọ́, ẹ padà. Ẹni tó ń jẹun láì wo àwo kì í mọ̀ pé òun ti yó. Tó bá jẹ́ Indomie ni, ẹ fi ẹyin àti ẹ̀fọ́ sí i, kí ẹ sì lo ìdajì èròjà inú ọ̀rá yẹn, iyọ̀ rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ sàn ju bísíkíìtì lọ, kì í sì í kun páàdì lọ́ràá.

Ṣọ́ọ̀bù wa kéré, jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ̀fọ́rí sì máa ń mú gbogbo wa. Kí ló fà á?

Ẹ jáde síbi afẹ́fẹ́ ná kí ẹ tó ka ìyókù.

Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù mọnọ́ọ̀sáìdì. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ó ń gba àyè atẹ́gùn mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí pé ó lè mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju atẹ́gùn lọ ní ìlọ́po tó ju igba. Ẹ̀fọ́rí, òòyì, èébì àti àárẹ̀ ni àmì rẹ̀. Èyí tó yà á sọ́tọ̀ sí ibà ni pé gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá ló ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń fúyẹ́ tí wọ́n bá bọ́ síta. Ẹni tó bá sùn lọ nínú rẹ̀ lè má jí.

Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé ní nǹkan bíi mítà 6, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọjú sí ibòmíràn. Mo mọ̀ pé ní àdúgbò tí ṣọ́ọ̀bù fara kan ṣọ́ọ̀bù, mítà 6 lè gbé e dé ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn, ẹlòmíràn náà sì ní ẹ̀dọ̀fóró. Tí kò bá sí àyè, kò sí àyè. Ẹ dúró de iná tàbí kí ẹ wá ìnfátà àti bátìrì. Ṣíṣí fèrèsé kan nìkan kò tó. Gbígbé e wọ kọ́rídọ̀ tàbí barandá nítorí olè ló sì ti pa ọ̀pọ̀ ìdílé.

Kí ni ó yẹ kí n fi ohùn ìgbetí (íápíìsì) sí?

Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 80 (ohun tí a fi ń wọn bí ohùn ṣe ń dún tó) fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ fún àgbàlagbà, àti 75 fún ọmọdé. Tó bá gòkè dé 90, wákàtí mẹ́rin péré ló kù lọ́sẹ̀. Ní kúkúrú: ẹ má kọjá ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ohùn tó ga jù. Tí etí bá ń hó lẹ́yìn tí ẹ yọ ọ́, ó ti pọ̀ jù.

Ọmọ mi ní wárápá. Ṣé mo gbọ́dọ̀ gba géèmù lọ́wọ́ rẹ̀?

Kò pọn dandan. Nǹkan bí ẹni mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún tó ní wárápá ni iná tó ń ṣẹ́jú máa ń gbé e dìde fún. Àmọ́ irú àwọn bẹ́ẹ̀ wà: ní December 1997, wọ́n gbé ọmọ tó lé ní 600 lọ sílé ìwòsàn ní Japan lẹ́yìn tí wọ́n wo apá kan nínú eré Pokémon lórí tẹlifíṣọ̀n, níbi tí iná pupa àti búlúù ti ń ṣẹ́ wìrìwìrì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ọmọ yín wà lára wọn.

Kó jìnnà sí tẹlifíṣọ̀n, kí iná yàrá wà ní títàn, kó má gbá a tí kò bá sùn tó, kó má sì fo oògùn. Tí iná bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ lójijì, kó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan pátápátá, kó sì gbójú kúrò. Tí gìrì bá mú un, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí, ẹ wo aago. Ẹ má fi ṣíbí sí i lẹ́nu. Tó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ilé ìwòsàn.

Ìyá àgbà ní géèmù ogun máa sọ ọmọ di ọmọ ìta. Kí ni ìdáhùn?

Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìrònú àti ìwà ní Amẹ́ríkà, APA, tún ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò ní 2020. Wọ́n ní ó ní ìsopọ̀ díẹ̀ pẹ̀lú ìbínú bíi kí a jágbe mọ́ni tàbí kí a ti ẹlòmíràn, àmọ́ ẹ̀rí kò tó láti sọ pé ó ń sọni di apànìyàn. Ọ̀rẹ́ tí ọmọ ń bá rìn níta ìlekùn ilé jẹ́ ìbéèrè tó ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ. Síbẹ̀, ìyá àgbà kò jẹ̀bi tán: wọ́n máa ń kọ ọjọ́ orí sára géèmù, èyí tí wọ́n kọ 18 sí kì í ṣe ti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Ọmọdé ńkọ́? Iye wákàtí mélòó?

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fẹ́ kó jókòó wo fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n rárá. Ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin, kó má ju wákàtí kan lọ lójúmọ́. Láti ọdún 5 sí 17, ohun tí wọ́n kà ni eré ìdárayá: ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́, ó kéré tán.

Àwọn ìjọba kan ti fi òfin gbá a mú. Láti 2021, Ṣáínà fún ọmọ tí kò tó ọdún 18 ní wákàtí kan péré, aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án alẹ́, lọ́jọ́ Jímọ̀, Sátidé, Sọ́ńdè àti ọjọ́ ìsinmi, fún géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì. Gúúsù Kòríà ti ṣe tirẹ̀ ní 2011, tí wọ́n ń tì í mọ́ àwọn tí kò tó ọdún 16 láti aago méjìlá òru sí mẹ́fà àárọ̀, àmọ́ ní 2021 wọ́n pinnu láti pa òfin náà rẹ́. Àwọn ọmọ ti ń fi orúkọ ìyá àti bàbá wọlé.

Bí mo bá ní kó pa á, inú á bí i bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ṣé ó ti di bárakú?

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun kan: géèmù tí wọ́n ń bá ẹlòmíràn gbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ṣeé dá dúró láàárín. Tí ẹ bá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 70, ó ti pàdánù, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti pàdánù pẹ̀lú rẹ̀. Ìbínú yẹn, èmi náà lè bí i. Torí náà ẹ fi iye eré ṣe àdéhùn, kì í ṣe iye ìṣẹ́jú: "Tí o bá ti gbá méjì tán, kí o wá jẹun." Ẹ sọ ọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin náà, tí oúnjẹ bá délẹ̀, ẹ gbé WhatsApp sílẹ̀.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti di àìsàn lóòótọ́?

Ní 2019, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fọwọ́ sí ìwé àkójọ àìsàn tuntun tí wọ́n ń pè ní ICD-11, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2022. Àìsàn géèmù wà nínú rẹ̀. Àmì mẹ́ta ni: ẹni náà kò lè ṣàkóso ìgbà tó ń bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó ń dáwọ́ dúró mọ́, géèmù ti borí gbogbo ohun tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀, ó sì ń gbá a lọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń rí ìpalára rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ti ba ilé, ìwé tàbí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gidi, ó sì sábà máa ń jẹ́ ohun tó ti tó oṣù 12.

Ọmọ tó gbá a jù nígbà ìsinmi ilé ìwé, tó sì padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ nígbà tí wọ́n wọlé, kò wọ ibẹ̀. Ẹ tún wo abẹ́ rẹ̀. Ìgbà míì, ìbànújẹ́, ìpayà tàbí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ọmọ nílé ìwé ló kọ́kọ́ dé, géèmù wá di ibi tó sá sí. Tí ẹ bá gba géèmù láìfọwọ́ kan ìyẹn, ẹ ti gba ibi ìsádi, ẹ sì fi ohun tó ń lé e sílẹ̀.

Owó ń lọ. Ó ń ra nǹkan nínú géèmù, ó sì tún ń ta á lówó ní ṣọ́ọ̀bù.

Àwọn àpótí tí èèyàn ń fi owó ṣí láìmọ ohun tó wà nínú wọn, tẹ́tẹ́ ni lójú tèmi. Orílẹ̀-èdè Belgium náà rí i bẹ́ẹ̀ ní 2018. Ẹ yọ káàdì ATM yín kúrò lórí fóònù tí ọmọ ń lò, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ aṣínà sí rírà.

Ti ṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ẹni tó bá pàdánù ló máa sanwó eré." Kò burú. Ìgbà tó bá di pé ẹni tó pàdánù fẹ́ gba owó rẹ̀ padà, tó ń yá owó sí i, ó ti kọjá eré.

Níbo la lè gbé e lọ?

Ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba tó wà ní Yábàá àti Arò ní Abẹ́òkúta ń tọ́jú bárakú. Àwọn ilé ìwòsàn yunifásítì bíi UCH Ìbàdàn ní ẹ̀ka kan náà. Orúkọ Yábàá máa ń ba ọ̀pọ̀ ìdílé lẹ́rù. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lọ síbẹ̀ ń ti ilé wá ni, wọ́n á bá dókítà sọ̀rọ̀, wọ́n á sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Àwọn tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè bá NHS sọ̀rọ̀, tó dá ibi ìtọ́jú géèmù sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2019.

Ṣé kò sí àǹfààní kankan lára rẹ̀ ni?

Ó wà. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2007 rí i pé àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ tó ti gbá géèmù ju wákàtí mẹ́ta lọ lọ́sẹ̀ rí ṣe àṣìṣe tó fi ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún kéré nínú ìdánwò iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń fi kámẹ́rà ṣe. Ní 2020, àjọ FDA, tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí géèmù EndeavorRx gẹ́gẹ́ bí ìtọ́jú fún ọmọ ọdún 8 sí 12 tí kì í lè pọkàn pọ̀. Ti Pokémon Go, tó ní kí èèyàn máa rìn, kò tọ́jọ́: ìwádìí kan fi hàn pé ìrìn náà pọ̀ sí i, àmọ́ tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó ti padà sí bó ṣe wà.

Ọmọ mi ní òun fẹ́ fi géèmù ṣiṣẹ́ jẹun. Ṣé ara rẹ̀ á gbà á?

Iṣẹ́ gidi ni. Wọ́n fún àwọn tó gbá géèmù ní ẹ̀bùn àmì wúrà níbi ìdíje Asian Games ní Hangzhou ní 2023. Àmọ́ iye tó ń jẹun níbẹ̀ kéré, ara sì ń san tirẹ̀.

Jian Zihao, ọmọ Ṣáínà tí gbogbo ayé mọ̀ sí Uzi, wà lára àwọn tó mọ géèmù League of Legends gbá jù lágbàáyé. Ní June 2020, ẹni ọdún 23, ó fi eré sílẹ̀. Ó sọ fúnra rẹ̀ pé àìsùn, oúnjẹ tí kò létò, ìsanra àti wàhálà ọkàn ti fa ìtọ̀ ṣúgà fún òun. Ọwọ́ rẹ̀ náà ti ń dùn ún tipẹ́. Ó padà sí ìdíje ní ìparí 2021, lẹ́yìn ọdún kan ó lé.

Àwọn ẹgbẹ́ ńlá ní òkèèrè ti ń gba ẹni tó ń ṣètò eré ìdárayá àti oúnjẹ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù orí géèmù wọn. Ọmọ tó ń dá gbá a nínú yàrá kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, torí náà ẹ̀yin òbí ni. Kó máa ṣe àyẹ̀wò ṣúgà àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lọ́dọọdún, kí ọwọ́ rẹ̀ sì ní ọjọ́ ìsinmi kan lọ́sẹ̀ tí kò ní kan páàdì rárá.